C. K. Gyamfi: Agbábọ́ọ̀lù tí ó di Olùkọ́ni

Kumasi ni olú-ìlú àwọn Ashanti, ibẹ̀ sì ni ààfin Asantehene, ọba wọn, wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà pípẹ́ ni ó ti jẹ́ ìlú àlejò pẹ̀lú. Orúkọ àdúgbò a máa sọ ìtàn ìlú fún ẹni tí ó bá fetí sí i. Fante New Town ń fi orúkọ tirẹ̀ jẹ́rìí sí àwọn Fante, ará etí òkun, tí wọ́n gòkè wá ṣiṣẹ́ ní Kumasi. Zongo jẹ́ ibùdó àwọn Hausa àti àwọn Mùsùlùmí mìíràn láti ìhà àríwá. Àwọn Yorùbá láti Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin kò gbẹ́yìn. Òwò ni wọ́n bá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bí ọmọ síbẹ̀, kí ìjọba Gánà tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò ní ìlú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá pàápàá, tí àwọn ará Kumasi ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ tí a tẹ ìlú náà dó ni ó ti wà níbẹ̀, àlejò ni. Láti etí òkun ni òun náà ti gòkè wá.

Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní etí òkun ọ̀hún. Ní 1903, ní ìlú Cape Coast, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba ti àwọn ọmọkùnrin, ọmọ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Briton, kó àwọn ọmọ jọ, ó sì fi wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Excelsior sílẹ̀. Ní ti Kumasi, awakọ̀ ni ó mú un wọ ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ashanti kan, Kwasi Kumah, ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gágun Òyìnbó kan. Ó rí bọ́ọ̀lù ní Accra, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Nígbà tí ó padà délé, òun àti L. Y. Asamoah, oníṣẹ́ iná mànàmáná, pawọ́ pọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Rainbow ní 1926. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ títí di 1935, nígbà tí Asantehene Osei Agyeman Prempeh Kejì gbà fún wọn láti máa jẹ́ Asante Kotoko. Kotoko ni òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Ashanti fi ṣe àmì agbára ogun wọn. Ọba kì í fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tọrẹ fún ọmọdé tí ń ṣeré lásán. Láti ọjọ́ náà ni eré ti di ọ̀ràn ọlá ìlú.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ọ̀nà etí òkun wọ Kumasi ni Charles Kumi Gyamfi. Accra ni a ti bí i, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, 1929. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Ebusua Dwarfs ní Cape Coast, lẹ́yìn náà ni ó gòkè wá di ọmọ ẹgbẹ́ Kotoko. Ìlà iwájú ni ó ti ń gbá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó rí i pé bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n.

Ní 1951, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Gánà nígbà náà, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ figagbága. Gyamfi bá wọn lọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣe irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn ní 1949. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí a ń pè ní Thunder, wà lára àwọn ti Nàìjíríà, ayò 5 sí 2 ni wọ́n sì fi na ẹgbẹ́ Marine Crosby nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́. Bí ó ti rí fún ti ìṣáájú ni ó rí fún ti ìkẹyìn: ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn Òyìnbó tí wọ́n wọ bàtà.

Ẹnu ya àwọn tí ó wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyanu kì í ṣe ìmọ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ti Kumasi tàbí ti Èkó, ẹsẹ̀ lásán a máa yá, a sì máa mọ bọ́ọ̀lù lára bí ọwọ́ ti í mọ oúnjẹ. Lórí koríko tí òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rin gbingbin, ẹsẹ̀ lásán a máa yọ̀. Ohun tí ó ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára onílé nínú ìrìn-àjò méjèèjì kì í ṣe agbára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bùn. Irú bàtà tí ó yẹ pápá, ibi tí ó yẹ kí olúkúlùkù dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, bí a ti ń ṣún agbára lò kí ó lè tó fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú: nǹkan wọ̀nyí ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a bí mọ́ ẹnikẹ́ni. Kíkọ́ ni a ń kọ́ wọn.

Gyamfi kò bá Kotoko kalẹ́. Ó bọ́ sí Great Ashanti, ẹgbẹ́ mìíràn ní Kumasi, lẹ́yìn náà ni ó padà sí Accra, tí ó sì wọ ẹgbẹ́ Hearts of Oak. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gánà lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Hearts, tí a dá sílẹ̀ ní 1911, ni ẹgbẹ́ Accra fi ń yangàn. Kotoko ni ti Kumasi. Orogún sì ni àwọn méjèèjì títí di òní olónìí. Agbábọ́ọ̀lù tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì mọ̀ pé èébú yóò bá òun délé. Síbẹ̀ ìrìn-káàkiri yìí ṣe é láǹfààní kan tí kò hàn lójú ẹsẹ̀: Gyamfi mọ yàrá ìmúra àwọn ará etí òkun, ó mọ ti àwọn Ashanti, ó sì mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń sọ nípa èkejì. Ẹni tí yóò kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ àsíá kan kò lè ṣe aláìmọ ìwọ̀nyí.

Àsíá náà dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1957, nígbà tí Gánà gba òmìnira. Kwame Nkrumah kò ka bọ́ọ̀lù sí eré ìdárayá lásán. Ó fẹ́ kí àgbáyé fojú ara wọn rí ohun tí ènìyàn dúdú lè ṣe. Lọ́dún náà gan-an ni Stanley Matthews, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Gánà, tí ó sì bá Hearts of Oak gbá bọ́ọ̀lù. A sọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní Black Stars, ní ìrántí ọkọ̀ ojú omi Marcus Garvey. Ohene Djan, ẹni tí Nkrumah fi ṣe olórí eré ìdárayá, sì jẹ́ aláṣẹ tí kì í sùn tí kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Ó wá olùkọ́ni lọ sí òkè òkun: George Ainsley láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn rẹ̀ Andreas Sjöberg láti Sweden, lẹ́yìn rẹ̀ József Ember láti Hungary. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹni tí kò ní kànga kò lè ṣàì pọn omi lọ́dọ̀ aládùúgbò. Èyí tí ó yẹ kí a béèrè ni bí ó bá ń gbẹ́ kànga tirẹ̀ lọ́wọ́.

Gánà ń gbẹ́ ẹ. Ní 1960, Gyamfi lọ sí Jámánì, ó sì wọ ẹgbẹ́ Fortuna Düsseldorf. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, bí ẹni pé oyè ‘ẹni àkọ́kọ́’ náà ti tó. Ṣùgbọ́n ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Gyamfi nígbà tí ó lọ, ó ti ń sún mọ́ òpin ọjọ́ ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀; kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ilé fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni. Fún nǹkan bí ọdún kan, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kan, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kejì, ní ilẹ̀ tí a kì í ti í fi ọ̀ràn bọ́ọ̀lù ṣeré. Teslim Balogun ti ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀: ó lọ sí Peterborough United ní 1955, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní 1956, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ohun tí ilé fi wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé. Ó di 1968, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico, kí a tó rí Balogun nídìí ẹgbẹ́ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni. Ti Gyamfi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti padà dé, ó bá nǹkan ní rúkèrúdò. Ní 1961 Ohene Djan ti dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀, Real Republikans, ó sì ń ṣa àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù láti inú àwọn ẹgbẹ́ yòókù kó sínú rẹ̀. Inú bí Kotoko, inú bí Hearts. Ó ṣòro kí a dá wọn lẹ́bi, nítorí ta ni yóò tọ́ ọmọ dàgbà tán kí ẹlòmíràn wá mú un lọ láìsanwó? Síbẹ̀ a kò lè sọ pé ètò náà kò so èso. Àwọn tí a ń ṣà jọ bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn bí ọmọ ilé kan, nígbà tí Real Madrid sì wá sí Accra ní oṣù Kẹjọ 1962, ọ̀mì 3 sí 3 ni Black Stars bá wọn ta.

Ọdún 1963 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Baba Yara, ọmọ Kumasi, tí ó jẹ́ ajókèé-ẹṣin-sáré kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù Kotoko, tí gbogbo Gánà sì gbà pé kò sí ẹni tí ó mọ eré ẹ̀gbẹ́ pápá bí i tirẹ̀, ń bọ̀ láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Kpandu ní oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kpeve. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, kò sì lè rìn mọ́ títí ó fi kú ní 1969. Pápá ìṣeré ńlá ti Kumasi ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà sì ń bọ̀ wá sí Gánà ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Nígbà tí ìdíje náà dé, Gyamfi ni ó wà nídìí ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni, kì í ṣe Òyìnbó.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ó wá. Gánà, Tunisia àti Ethiopia wà ní Accra. Íjíbítì, Sudan àti Nàìjíríà wà ní Kumasi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà yóò dé ìdíje náà, nítorí náà ní ìlú Kotoko, níṣojú àwọn Yorùbá oníṣòwò tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé, ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kàwé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ náà korò: Íjíbítì fi 6 sí 3 nà wọ́n, Sudan fi 4 sí òdo. Ní Accra, Gánà ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Tunisia, wọ́n sì fi 2 sí òdo na Ethiopia. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ni àṣekágbá. Sudan di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa ju wákàtí kan lọ. Nígbà náà ni Aggrey-Fynn, balógun Gánà, gbá pẹnáritì wọlé, Wilberforce Mfum sì fi méjì lé e kí eré tó parí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Gyamfi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Àwọn kan wí pé ilé ni Gánà wà, pé onílé kì í ṣàì borí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tunis ni èsì ti wá ní 1965. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn tí Gyamfi kó lọ kì í ṣe àwọn ti 1963, ọ̀dọ́ ni wọ́n, bí i Osei Kofi àti Frank Odoi. Wọ́n fi 5 sí 2 na Congo-Léopoldville, wọ́n fi 4 sí 1 na Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, wọ́n pàdé Tunisia nílé rẹ̀, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Odoi kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé; Tunisia san án padà, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré kí eré parí nígbà tí Osei Kofi mú wọn dọ́gba, nínú àfikún àkókò sì ni Odoi gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ni ti hàn kedere. Ẹni tí ó bá fi àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà borí lẹ́ẹ̀mejì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ẹni tí ó bá yí ọ̀pọ̀ wọn padà, tí ó sì tún borí ní ilẹ̀ àjèjì, a jẹ́ pé ó ní ohun kan tí ó ń fi kọ́ni.

Ó yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ìdíje Ife Àgbáyé ti 1966. Kò dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe pé a nà wọ́n. Àjọ FIFA ti pinnu ní 1964 pé ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní Áfíríkà kò ní lọ tààrà, àfi bí ó bá tún bá ti Áṣíà tàbí ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì figagbága. Ohene Djan àti Ydnekatchew Tessema ti Ethiopia kọ̀ jálẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì fà sẹ́yìn lápapọ̀. Ìpinnu náà tọ̀nà, òun ni ó sì mú kí a ya àyè kan sọ́tọ̀ fún Áfíríkà nígbà tí ó di 1970. Ṣùgbọ́n Gyamfi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó san owó rẹ̀. Àgbáyé kò rí ẹgbẹ́ Gánà tí ó dára jù lọ ní ayé ìgbà náà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, 1966, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. A tú Real Republikans ká, ayé Ohene Djan sì ti kọjá. Ọ̀nà tí a gbà ń wá olùkọ́ni yí padà: nígbà mìíràn ọmọ ilẹ̀ Gánà, nígbà mìíràn àlejò. Ní 1978, Fred Osam-Duodu, ọmọ Gánà bí i ti Gyamfi, gba ife náà fún wọn ní Accra.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ti borí ní Tunis, a tún pe Gyamfi. Ìdíje ti 1982 yóò wáyé ní Libya láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ìjọba tuntun sì ti tún gorí oyè ní Gánà ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 1981. Ìlú kò fara rọ, oúnjẹ wọ́n, àkókò ìmúra kò sì gùn. Gyamfi ti di àgbà ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Lára àwọn tí ó kó lọ ni ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí ń jẹ́ Abedi Ayew, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Abedi Pele lẹ́yìn ọ̀la. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gánà ta ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Libya, wọ́n ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Cameroon, wọ́n sì fi ẹyọ kan borí Tunisia. Nàìjíríà, tí ó gba ife náà ní Èkó ní 1980, kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí Gánà pàdé Algeria, Opoku Nti mú wọn dọ́gba nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, George Alhassan sì gbá èyí tí ó ṣẹ́gun wọlé nínú àfikún àkókò, ayò 3 sí 2. Libya ni wọ́n tún bá pàdé ní àṣekágbá ní Tripoli. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Pẹnáritì ni ó yanjú ọ̀ràn náà, 7 sí 6. Gánà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó gba ife náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, Gyamfi sì di olùkọ́ni àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Láti ọdún náà títí di òní, Gánà kò gbà á mọ́. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1992 pẹ̀lú Otto Pfister, ọmọ Jámánì. Ní 2010 pẹ̀lú Milovan Rajevac, ọmọ Serbia. Ní 2015 pẹ̀lú Avram Grant, ọmọ Israel. Wọn kò sì mú ife bọ̀ wálé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Gánà ni ó wà nídìí ẹgbẹ́ náà ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbà á. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gba ife, pé kí a ṣáà ti fi ọmọ onílẹ̀ ṣe olórí. Àṣìrò ni. Ọmọ onílẹ̀ mìíràn ti wà nídìí Black Stars tí kò sí èso kankan. Gyamfi gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbá a pẹ̀lú bàtà ní Jámánì, ó sì bá iṣẹ́ tí Sjöberg àti Ember ti ṣe nílẹ̀. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀ràn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ó dé, nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, wọn kò sì ní kí ó dúró títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Ó pẹ́ láyé tó láti rí àwọn mìíràn tí ó tọ ọ̀nà rẹ̀. Ní 2010, Hassan Shehata, tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Íjíbítì, gba ife náà ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bá a dọ́gba. Ní 2013, Stephen Keshi gbà á fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni, lẹ́yìn tí ó ti gbà á gẹ́gẹ́ bí balógun ẹgbẹ́ ní 1994. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, 2015, ní ìlú Bata, Gánà àti Côte d'Ivoire gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá fún ọgọ́fà ìṣẹ́jú láìsí ẹni tí ó jẹ, pẹnáritì sì ni Gánà fi pàdánù, 9 sí 8. Gyamfi kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.